Aṣọ Ẹ̀yìn

Fọ́tò mẹ́sàn-án ni ọmọ àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Mo ti kírun alẹ́ tán, mo gbé àga síta, mò ń gba afẹ́fẹ́. Ìlà méjì péré ló kọ sábẹ́ wọn: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọ̀kan. Ojú yín ni mo gbà gbọ́."

Ojú tó ń wí yìí kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Láti 1979 títí di ìgbà tí fóònù alágbèéká gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, èmi ni mo ń ya fọ́tò fún àwọn èèyàn Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba ilẹ̀ Benin ń kọ ní Ifangni, àti fún àwọn tó ń wá láti Banigbé, láti Daagbé àti láti ọjà Ìgólò létí bodè. Fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ti ìwé ìrìnnà, ti òkú tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Títí dòní, Bàbá Fọ́tò ni àwọn ọmọdé ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò rí kámẹ́rà lọ́wọ́ mi rí.

Àpótí gíláàsì kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́tò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ẹ má rò pé irú èyí tí ẹ máa ń rí nílé àwọn olówó ní Kútọnu ni, tí wọ́n ki ewé rọ́bà bọ̀, tí ẹja mẹ́ta ń lanu níbẹ̀. Ọgbà lábẹ́ omi lèyí. Ewéko inú rẹ̀ jẹ́ ewéko tòótọ́: wọ́n ta gbòǹgbò, iná tí wọ́n gbé sókè orí wọn ni oòrùn wọn, ọmọ náà sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kan sí wọn láti inú àgbá kékeré, irú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta. Ó to òkúta, ó tẹ́ igi gbígbẹ lé e bí gbòǹgbò ìrókò tí ọ̀gbàrá hú, ó gbin koríko tí kò ga ju èékánná lọ, ó wá da iyanrìn funfun sáàárín bí ọ̀nà. Ọ̀nà náà fẹ̀ níwájú, ó ń tín-ín-rín lọ títí ó fi dà bí okùn lẹ́yìn. Sẹ̀ǹtímítà 45 péré ni láti iwájú gíláàsì dé ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú fọ́tò, ó tó ìrìn àtibí dé Ṣakẹ́tẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí ọ̀nà yẹn, nítorí mo ti san owó fún irú rẹ̀ rí. Ní 1981, oníṣẹ́ ọ̀dà kan láti Àjàṣẹ́ ya aṣọ ẹ̀yìn kan fún mi lórí aṣọ kakí: àtẹ̀gùn òkúta tó gbòòrò nísàlẹ̀ tó sì tín-ín-rín lókè, òkun lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kan lójú ọ̀run. Ìfọ̀nyìn kò ní òkun. Kò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ilé tó ní àtẹ̀gùn nígbà náà kò sì pọ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ. Síbẹ̀ iwájú àtẹ̀gùn yẹn ni gbogbo ìlú fẹ́ dúró sí, òṣìṣẹ́ oko ọ̀pẹ àti ọlọ́jà, pẹ̀lú àwọn tó ti múra ìrìn-àjò tí wọn kò ní rìn láéláé.

Ẹ̀yìn ni fọ́tò ọmọ náà fi yàtọ̀ síra wọn jù. Nínú àkọ́kọ́, ó lẹ páálí dúdú mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì, ewé sì hàn ketekete bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ. Ìkejì funfun. Ìkẹta búlúù, èyí tí mi ò fẹ́ràn rárá. Ó dà bí ilé ìtajà òògùn òyìnbó. Nínú ìkẹrin, ó lẹ rọ́bà aláwọ̀ wàrà kan mọ́ ọn, ó gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì rọra tàn jáde bí òwúrọ̀ ọyẹ́ nígbà tí a kò tíì rí òpin oko. Ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án jọ ìkẹrin, kìkì pé ibi tí ẹja wà yí padà. Màá padà sórí ìkeje.

Ìdíje ọgbà abẹ́ omi ló fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn sí, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Jàpáànù láti 2001. Takashi Amano, ará Niigata, ló dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní 1982. Wọ́n bí i ní 1954. Ó gun kẹ̀kẹ́ eré ìje gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ó sì gbé kámẹ́rà ńláńlá wọ igbó Amazon, igbó Borneo àti igbó apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí. Fọtógíráfà bí èmi ni. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n. Ó kú ní 2015, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ọgbà omi tó ṣe sí Lisbon nílẹ̀ Potogí, tó gùn ní mítà 40, tó sì gba lítà omi 160,000.

Nínú ìdíje yìí, onídàájọ́ kankan kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni. Kò ní tọ́ omi wò, kò ní gbóòórùn rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo láti ọ̀kánkán ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀, òun ni yóò sì fi mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó ṣe ipò ẹgbẹ̀rún.

Mo bi ọmọ náà léèrè bí wọ́n ṣe ń múra ọjọ́ fọ́tò. Ó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń gé ewéko kó lè rúwé bá ọjọ́ yẹn gan-an. Tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á yọ páìpù tó ń sẹ́ omi, wọ́n á yọ ẹ̀rọ tó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á ha èérí aláwọ̀ ewé kúrò lára gíláàsì, wọ́n á fi iná kún iná. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni wọ́n fi ń fẹ́ ojú omi kó lè ní ìgbì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á wá dúró de ẹja. Igba fọ́tò lè kọjá kí ẹja tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ síbi tí ọlọ́gbà fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, páìpù á padà sáyè rẹ̀, àwọn kan á sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìṣẹ́jú kan péré ni ọgbà yẹn fi rí bí onídàájọ́ ṣe rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ lánàá, kò ní rí bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ohun tó gba oorun lójú mi nìyí: ohun tí a bò nítorí kó lè dára, ṣé irọ́ ni?

Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹgbẹ́ wa ti jẹbi látayébáyé. Seydou Keïta ti Bamako, tó kú ní 2001, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Nígbà tó darúgbó, aṣọ ẹ̀yìn ló ń wò tó fi ń mọ ọdún tó ya fọ́tò. Ní Àjàṣẹ́ nítòsí wa, Joseph Moïse Agbodjelou, tí wọ́n bí ní 1912 tó sì kú ní 2000, ni ọ̀gá tí a máa ń dárúkọ. Ọmọ rẹ̀ Léonce ń ta aṣọ aláràbarà sẹ́yìn àwọn tó ń yà, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní mọ ibi tí aṣọ ẹ̀yìn parí sí àti ibi tí aṣọ ọrùn ti bẹ̀rẹ̀. Ti ìbejì tún ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò, èyí tó kù ni fọtógíráfà yóò yà lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tẹ̀ wọ́n sórí bébà kan náà kí ìyá lè rí méjèèjì níjòókòó. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò rí ìyá tó pè mí ní onírọ́. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀ fún mi.

Ṣùgbọ́n mo ti fi aṣọ ẹ̀yìn ṣẹ̀ rí.

Ní 1984, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Ọkùnrin ìlú wa kan tó ń ṣòwò ní Libreville, nílẹ̀ Gabon, ló ń wá ìyàwó nílé, fọ́tò ni wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ sí i. Ojú ọmọ náà dára, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló rọ láti kékeré. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wo ẹsẹ̀ náà, ó wá wò mí. Ó yé mi. Mo fi ọmọ náà jókòó, mo fa ìró rẹ̀ wálẹ̀ bo ẹsẹ̀, mo ta àtẹ̀gùn àti òkun sẹ́yìn rẹ̀. Nínú yàrá òkùnkùn, mo fi pẹ́ńsù ẹlẹ́nu ṣóńṣó pa àpá iwájú orí rẹ̀ rẹ́ lórí fíìmù. Fọ́tò náà dára débi pé mo gbé ọ̀kan kọ́ síta ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkọ gbà. Wọ́n san owó orí, ọmọ náà wọkọ̀ lọ. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó padà dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni kò fi kí mi. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó gbé ọmọ ọkùnrin kan pọ̀n. Ó ti lọ́kọ ní Ìgólò, ó ń ta gàrí. Mo sáré lọ gbé àga.

Ó ní, "Ẹ gbé e padà, Bàbá Fọ́tò. Ẹ ká aṣọ yẹn sókè pẹ̀lú. Ìdúró ni mo fẹ́. Èmi àti ẹsẹ̀ mi la jọ wá."

Mo ya òun àti ọmọ rẹ̀ níwájú ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Ó san owó rẹ̀ pé, kò ní kí n dín in.

Ọdún pọ̀ tí mo fi ń wá ìyàtọ̀ tó wà láàárín fọ́tò ìbejì àti fọ́tò Libreville, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni méjèèjì. Ìyá ìbejì mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Ọkọ Libreville kò mọ nǹkan kan, òun ló sì máa gbé pẹ̀lú ohun tí mo bò. Àwọn álífáà kọ́ wa pé ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ fi àbùkù ọjà han ẹni tó ń rà. Mi ò rò pé obìnrin jẹ́ ọjà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹsẹ̀ tó rọ kì í sì í ṣe àbùkù ìwà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí mo fi ìró bò àti àpá tí mo fi pẹ́ńsù pa rẹ́, mo gbé wọn kúrò lójú ẹni tó yẹ kó yan ohun tó mọ̀. Òun nìkan kọ́ ni mo sì tàn jẹ. Mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn, láìlanu, pé kò ṣeé fi hàn bí Ọlọ́run ṣe dá a. Èyí ló dùn ún jù, mo rí i lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ní kí n ká aṣọ sókè.

Àwọn onídàájọ́ ọgbà omi kì í ṣe ọkọ Libreville. Wọ́n mọ̀ pé páìpù wà, àwọn náà ní páìpù nílé. Ohun tí gbogbo ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ mọ̀ pé a bò, a kò fi tan ẹnikẹ́ni. Ẹja nìkan ló yẹ ká bẹ̀rù fún, nítorí ẹja ni yóò gbé ibẹ̀ nígbà tí fọ́tò bá ti dé Niigata. Inú mi dùn nígbà tí ọmọ náà sọ fún mi pé ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìyẹn: ṣé ibùgbé tí ẹja lè fi ṣe odò rẹ̀ ni? Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé ẹni tí kò rí ju fọ́tò lọ lè dáhùn ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ó ṣeé dáhùn. Ẹja tí ẹ̀rù ń bà máa ń fún ara wọn mọ́ igun kan, àwọ̀ wọn a ṣì. Kò sí aṣọ ẹ̀yìn tó lè bo ẹ̀rù; ogójì ọdún nídìí kámẹ́rà ló kọ́ mi.

Ewéko kan wà nínú àpótí náà tó gba àkíyèsí mi. Ewé rẹ̀ nípọn, ó dúdú minimini, ó so mọ́ igi gbígbẹ yẹn bí àfòmọ́. Anubias ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ń hù létí odò tí igi ṣíji bò, ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti ní Kamẹrúùnù. Orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá ewéko kiri tó sì kú ní Rába, létí odò Ọya, ní 1859. Orúkọ àkọ́kọ́ ni ti Anubis. Nítorí pé ewéko náà fẹ́ràn òjìji ni wọ́n ṣe fi sọrí òrìṣà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, olórí ajáko, tó ń dúró nídìí ìwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọkàn òkú wọ̀n mọ́ ìyẹ́ ẹyẹ kan. Ọkàn ni wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n yẹn. Àwa Mùsùlùmí náà gbàgbọ́ pé ìwọ̀n kan ń bọ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn. Mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu álífáà kankan pé wọn yóò gbé fọ́tò síbẹ̀.

(Òṣíbàtà pupa náà wà níbẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwa ń fi òṣíbàtà àti ojú oró tọrọ pé ká lékè. Ọmọ náà ní ṣe ni àwọn ń gé ewé òṣíbàtà tó bá ti fẹ́ yọrí, kó má bàa bo ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lójú. Mo ní kó má sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.)

Ó wá ku ìkeje.

Kò fi nǹkan kan sẹ́yìn gíláàsì nínú èyí. Mo fẹ ojú fọ́tò náà gbòòrò lórí fóònù, àṣà iṣẹ́, mo sì rí yàrá ọmọ náà láàárín ewé: jákẹ́ẹ̀tì kan lórí àga, abọ́ kan, ṣíbí kan. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni ẹní ìkírun tí mo fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ní 2016. Ó ṣì wà ní kíká. Okùn aláwọ̀ ewé tí mo fi ọwọ́ ara mi dì í ṣì wà lára rẹ̀.

Kí n tó mí, mo ti dá a lẹ́jọ́. Mo ní, ọmọ yìí kò kírun mọ́. Mo ti dìde láti lọ pe ìyá rẹ̀ kí n tó rántí ohun tí mò ń ṣe. Láti inú fọ́tò kan, láti ẹ̀yìn gíláàsì, láàárín ewé òṣíbàtà, mo ti sọ ìgbàgbọ́ ọmọ èèyàn di ti ipò ẹgbẹ̀rún. Ó lè ní ẹní mìíràn. Ó lè máa kírun ní mọ́sálásí. Ó lè jẹ́ pé ó ń tọ́jú okùn náà nítorí pé ọwọ́ mi ló dì í. Ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣe Sẹ̀lẹ́, máa ń sọ bí Sámúẹ́lì ṣe lọ sílé Jésè tó sì fẹ́ fi òróró yan ọmọ tó ga tó sì sígbọnlẹ̀, títí Ọlọ́run fi dá a lẹ́kun. Wòlíì nìyẹn o, ojúkojú ló sì rí wọn, kì í ṣe lórí WhatsApp.

Ẹ̀sìn mi kọ̀ fún mi láti máa tọ pinpin àṣírí ẹlòmíràn. Àdúrà wa níbí, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe Onígbàgbọ́, ìbáà ṣe ẹni tó ń bọ Ògún, ni pé kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. A kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó má rí wa. Ó ti rí wa. Aṣọ là ń tọrọ, kí ọmọ aráyé lè wo ohun tí a gbìn níwájú kí wọ́n má sì wọ inú yàrá wa. Nítorí náà, mi ò lè pe aṣọ ẹ̀yìn ní irọ́ mọ́, bí kò ṣe pé ẹni tí a ta á sí lójú ló máa gbé pẹ̀lú ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò gbé ní Hamburg.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe tó fi ń yọ páìpù, tó ń fẹ́ ojú omi kó lè ní ìgbì, báwo ni ẹní ìkírun ṣe bọ́ lójú rẹ̀? Fọ́tò mẹ́jọ ló bo ẹ̀yìn. Ọ̀kan ló ṣí sílẹ̀, èmi tó mọ̀ pé mo máa ń fẹ ojú fọ́tò ló sì fi ránṣẹ́ sí.

Mo kọ̀wé sí i: "Ìkẹrin. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀nà iyanrìn yẹn parí síbì kan, ẹja rẹ̀ kò sì sá."

Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣé, Bàbá. Ìkeje ńkọ́?"

Mo ní ìkeje kì í ṣe ti ìdíje, tèmi ni. Ó ṣì wà lórí fóònù mi. Mi ò fi han ìyá rẹ̀.